Ọ̀mọ̀wé Tí Ó Gba Ẹ̀kọ́ Lọ́wọ́ Àgbẹ̀

Ọmọ àgbẹ̀ ni Albert Howard. Ní ọdún 1873 ni a bí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kàwé dé Yunifásítì Cambridge, ó sì di onímọ̀ nípa àrùn tí ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́. Ní ọdún 1899 a rán an lọ sí Barbados. Níbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, nítorí ó ń gba àwọn àgbẹ̀ ní ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò ní oko tí ó lè fi dán ìmọ̀ràn náà wò.

Ní ọdún 1905 ó dé Pusa ní ilẹ̀ Íńdíà, ó sì gba ilẹ̀ éékà 75. Ó ṣàkíyèsí oko àwọn ará abúlé tí ó yí i ká. Wọn kò lo oògùn apakòkòrò, síbẹ̀ kòkòrò kò ba ọ̀gbìn wọn jẹ́. Howard rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi wọ́n ṣe olùkọ́. Ó fi kòkòrò pàápàá ṣe olùkọ́: bí wọ́n bá bo ọ̀gbìn kan, ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, bóyá omi dúró sí i, tàbí ó ti ṣá, tàbí irúgbìn náà kò bá ibẹ̀ mu. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1910, ọ̀gbìn tirẹ̀ náà ti ń ṣe dáadáa láìsí oògùn.

Láti ọdún 1924 títí di 1931 ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Indore. Níbẹ̀ ni ó ti ṣètò ọ̀nà kan tí a fi ń ṣe ajílẹ̀. A ó to koríko, pàǹtí oko, ìgbẹ́ màlúù àti eérú lé ara wọn, a ó wọ́n omi sí i, a ó sì máa yí i. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta yóò jẹrà di ajílẹ̀ dúdú.

Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà fún un. Ní ọdún 1945 oògùn DDT dé ọjà, àwọn àgbẹ̀ sì sáré rà á. Howard kú ní ọdún 1947. Ní ọdún 1972 ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de lílo DDT ní oko, nítorí ìpalára rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí a bá rí kòkòrò lára àgbàdo wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò kí a tó gbé agolo oògùn. Ẹni tí ó sì kàwé nínú wa, kí ó má ṣe tijú láti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kò kàwé.