Louis Hunkanrin, olùkọ́ tí wọn kò lè gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀

Ní ayé ìjọba Faransé, bí kọ̀màndáǹ bá bínú sí àgbẹ̀ kan ní Adja-Ouèrè tàbí ní Pobè, ó lè jù ú sí ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 15 láìgbé e dé iwájú adájọ́. Wọ́n lè fipá mú un lọ ṣiṣẹ́ ọ̀nà. Bí àgbẹ̀ náà bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn, ta ni yóò bá a kọ ọ́? Ìwé ni ìjọba ń gbà, ní èdè Faransé. Àwọn tó mọ̀wé kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń jẹun lábẹ́ ìjọba. Louis Hunkanrin náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀.

Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1886. Ó wà lára àwọn ọmọ Dàhòmì tí wọ́n kọ́kọ́ rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Saint-Louis, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. Nígbà tí ó padà ní 1907, wọ́n fi í ṣe olùkọ́ ní Ouidah. Iṣẹ́ iyì ni. Ṣùgbọ́n Hunkanrin kì í dákẹ́ bí ọ̀gá bá ṣe ohun tí kò tọ́. Ní 1910 wọ́n lé e kúrò níṣẹ́. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta péré ni ó fi dúró níwájú pátákó.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń kọ ìwé ẹ̀sùn fún àwọn tí ìyà ń jẹ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, òun àti Paul Hazoumé, olùkọ́ bíi tirẹ̀ tí ó wá kọ ìwé ìtàn Doguicimi lẹ́yìn náà, ń kọ ìwé ìròyìn kan ní ìkọ̀kọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Le Récadère de Béhanzin. Récade ni ọ̀pá tí ìránṣẹ́ ọba Àgbómè ń gbé dání, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ọba ni ó rán an. Béhanzin sì ni ọba tí àwọn Faransé lé kúrò lórí oyè, tí wọ́n gbé lọ sí ìgbèkùn. Hunkanrin kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ọ̀nà kan náà ni òun yóò tọ̀.

Ní 1923, ìjọba bu owó orí lé e. Àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀ láti san án. Ọjà tì, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Kútọnu dáwọ́ iṣẹ́ dúró, àwọn sójà sì dé. Ìjọba ní Hunkanrin wà lára àwọn tó dá rògbòdìyàn náà sílẹ̀. Wọ́n rán òun àti àwọn mìíràn lọ sí ilẹ̀ Mòrìténíà, nínú aṣálẹ̀, fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn kan nínú wọn kò padà wálé mọ́.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó jẹ́ẹ́ níbẹ̀ kí ọdún rẹ̀ pé. Hunkanrin rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń tà, tí wọ́n ń rà, tí ọmọ ẹrú ń di ẹrú láti inú ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìjọba Faransé ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ti fòpin sí òwò ẹrú. Àwọn tó rí i pọ̀, àwọn olóyè sójà pàápàá rí i. Ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ni ó kọ ọ́. Wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ lórí ẹrú ní Mòrìténíà jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1931, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú ìgbèkùn.

Ó dé Àjàṣẹ́ ní 1933. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì wọ́n tún mú un, wọ́n tún rán an jìnnà, lọ sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Mali lónìí. Ó padà ní 1947. Ó rí òmìnira Dàhòmì ní 1960. Ní Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n ti lé e lọ lẹ́ẹ̀mejì, ni ó kú sí ní 1964, lẹ́ni ọdún 77.