Adégòkè Adélabú (1915–1958): Owó Orí, Ilẹ̀ àti Ìpínyà Òṣèlú ní Ìbàdàn

Adégòkè Adélabú jẹ́ olóṣèlú ọmọ Ìbàdàn tí orúkọ rẹ̀ gbilẹ̀ jù lọ láàárín àwọn mẹ̀kúnnù ìlú náà ní ọdún mẹ́wàá tí ó ṣáájú òmìnira Nàìjíríà. Ó ṣe alága Ìgbìmọ̀ Agbègbè Ìbàdàn, ó ṣe mínísítà nínú ìjọba àpapọ̀, ó sì ṣe olórí alátakò ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Ìtàn ayé rẹ̀ fi hàn bí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ipò àwọn ènìyàn láwùjọ ṣe ń di ìyàtọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú, àti bí ìyàtọ̀ ẹgbẹ́ ṣe ń di ọ̀tá.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́

A bí Adélabú sí ìdílé mùsùlùmí ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1915, ní Òkè-Olúòkun ní Ìbàdàn. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS ní Kúdẹtì, ó kọjá sí ilé-ẹ̀kọ́ Mápó, ó sì wọ Government College ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1930 sí 1939. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ilé-iṣẹ́ UAC lọ sí Higher College ní Yábà ní ọdún 1936. Kò pẹ́ níbẹ̀ tí ó fi kúrò láti bá UAC ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ó ṣe òwò, ó ṣe iṣẹ́ ayẹ̀wò èso oko, ó sì ń kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn.

Díẹ̀ ni ọmọ Ìbàdàn tí ó kàwé tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Síbẹ̀, Adélabú kò fi agbo ilé sílẹ̀ láti lọ máa gbé láàárín àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gbé Òkè-Olúòkun, ó ń wọ aṣọ ìbílẹ̀, ó sì mọ bí a ti ń fi òwe, àwàdà àti èébú mú ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró ní gbàgede. Bí ó bá dé ilé ìgbìmọ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí ó kún fún ọ̀rọ̀ ńláńlá ni ó ń sọ. Ẹnu méjèèjì yìí ni agbára rẹ̀ ti wá.

Ìlú tí Ó Bá

Ìlú méjì ni Ìbàdàn nínú ọ̀kan. Ìlú àtijọ́ yí òkè Mápó ká: agbo ilé, mọ́gàjí, àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kéékèèké, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ mùsùlùmí tí kò kàwé Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú tuntun wà ní àdúgbò bíi Òke-Àdó, níbi tí àwọn àlejò, pàápàá àwọn Ìjẹ̀bú, kọ́lé sí. Láàárín wọn ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé, olùkọ́, agbẹjọ́rò àti oníṣòwò ńlá ti wá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ń bẹ̀rù pé ilẹ̀ baba àwọn yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn títí láé. Àwọn àlejò sì ń bèèrè ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ti ń gbé ìlú pẹ́, tí ó sì ń san owó orí níbẹ̀.

Ìbínú mìíràn wà ní oko. Ní ìparí ọdún 1940 sí 1949, ìjọba ń gé igi kòkó lulẹ̀ láti dá àrùn tí ó ń ba kòkó jẹ́ dúró. Lójú àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn, ìgé náà ni ìwòsàn. Lójú àgbẹ̀ tí ó rí igi tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú tí a gé lulẹ̀, olè jíjà ni. Nínú ìbínú yìí ni Ẹgbẹ́ Máiyégún ti àwọn àgbẹ̀ ti gbèrú.

Láti Ọ̀ràn Agbájé dé Ìdìbò 1951

Ní nǹkan bí ọdún 1950, àwọn mọ́gàjí àti ọ̀pọ̀ ìjòyè dìde sí Olóyè Sàlámì Agbájé, Ọ̀tún Balógun, oníṣòwò tí ọrọ̀ rẹ̀ ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wọn kò fẹ́ kí ó dé ipò Olúbàdàn. Adélabú wà lára àwọn tí ó lo kálámù fún ìjà náà. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ pé ìbínú sí olówó, bí a bá so ó mọ́ ọlá ìlú, lè kó mọ́gàjí àti mẹ̀kúnnù pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Nínú ìdìbò 1951, Ibadan People's Party gba gbogbo àga mẹ́fà ti Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí márùn-ún nínú àwọn tí a dìbò yàn fi darapọ̀ mọ́ Action Group, ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí. Ọ̀kan nínú wọn, agbẹjọ́rò A. M. A. Akínloyè, di mínísítà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Adélabú nìkan ni ó dúró pẹ̀lú NCNC, ẹgbẹ́ alákùkọ. Lójú àwọn márùn-ún náà, ibi tí ìjọba wà ni ànfààní ìlú wà. Lójú àwọn tí ó dìbò fún wọn, àwọn akọ̀wé ti ta ìlú. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn kan akọ̀wé ní Ìbàdàn ti ní ẹgbẹ́ òṣèlú tí yóò gbé e lọ sí. Ní ọdún 1952, Adélabú tẹ ìwé rẹ̀, Africa in Ebullition, jáde, níbi tí ó ti ṣàlàyé èrò rẹ̀ lórí òmìnira.

Owó Orí àti Màbọlájẹ́

Ohun tí ó sọ ìyapa yìí di ọ̀gbun ni owó orí. Ìjọba Action Group fẹ́ kí gbogbo ọmọ kàwé ní ọ̀fẹ́, kí ìtọ́jú àìsàn sì dé ìgbèríko. Láti rí owó rẹ̀, wọ́n bu àfikún lé orí ohun tí àwọn ènìyàn ń san. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọmọ tálákà ni ó sì jàǹfààní rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n kí ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣí ni owó ti kọ́kọ́ jáde lápò àgbẹ̀, ọwọ́ ẹgbẹ́ tí kò dìbò fún ni ó sì ń san án sí. Akọ̀wé tí ó mọ ohun tí ìwé ti ṣe fún òun rí owó náà gẹ́gẹ́ bí irúgbìn. Àgbẹ̀ tí a ti gé kòkó rẹ̀ rí i gẹ́gẹ́ bí ìrẹ́jẹ kejì. Ìlànà kan náà ni. Ibi tí ènìyàn dúró sí ni ó sọ ohun tí ó rí.

Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ ti 1952 tún gbé agbára lọ sọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn, ó sì dín agbára àwọn ìjòyè kù. Adélabú kó gbogbo ẹ̀dùn wọ̀nyí sínú agbọ̀n kan. Ó dá ẹgbẹ́ àwọn asanwó-orí sílẹ̀, ó so ó pọ̀ mọ́ àwọn àgbẹ̀ Máiyégún, ohun tí ó sì ti inú rẹ̀ jáde ni Màbọlájẹ́, tí ó di apá NCNC ní Ìbàdàn. Orúkọ náà ń sọ ìtumọ̀ ara rẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má ba ọlá jẹ́. Ọlá àwọn ìjòyè ni orúkọ náà dárúkọ, àpò mẹ̀kúnnù sì ni ẹgbẹ́ náà ń jà fún. Nítorí náà kì í ṣe ẹgbẹ́ tálákà nìkan. Àjọṣe òtòṣì àti ìjòyè ni, lòdì sí àwọn akọ̀wé àti olówó tuntun.

Agbára àti Ìṣubú

Ní ọdún 1954, Màbọlájẹ́ borí nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ Ìbàdàn, Adélabú sì di alága. Ní ọdún kan náà, NCNC gba 23 nínú àga 42 ti Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò àpapọ̀. Adélabú wọ ilé aṣòfin ní Èkó, ó sì di mínísítà ní oṣù Kìíní ọdún 1955.

Kò pẹ́ tí ẹ̀sùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nípa bí ìgbìmọ̀ Ìbàdàn ṣe ń náwó, tí ó sì ń pín ànfààní. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yan ará Gẹ̀ẹ́sì kan, E. W. J. Nicholson, láti ṣe ìwádìí. Àbájáde rẹ̀, tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956, dá ìgbìmọ̀ náà àti alága rẹ̀ lẹ́bi. Adélabú fi ipò mínísítà sílẹ̀, a sì tú ìgbìmọ̀ náà ká. Fún àwọn akọ̀wé, ìwé náà jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tí ń pariwo orúkọ mẹ̀kúnnù lè máa jẹ owó mẹ̀kúnnù. Fún àwọn ará agbo ilé, ó jẹ́ ẹ̀rí pé ìjọba ọlọ́pẹ kò fẹ́ kí ẹni tiwọn jókòó níbi gíga. Nínú ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ọdún 1956, wọ́n tún dìbò fún Màbọlájẹ́ ní Ìbàdàn. Action Group ni ó gba ìjọba. Adélabú sì di olórí alátakò.

Ní àsìkò òṣèlú rẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tí ó fi júwe ìdàrúdàpọ̀ àràmàǹdà bọ́ sí etí àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yí i sí pẹńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ náà sì di ti Yorùbá títí di òní. Ọ̀rọ̀ akọ̀wé ni mẹ̀kúnnù gbà, tí ó sọ di tirẹ̀, bí ó ti gba akọ̀wé tí ó sọ ọ́.

Ikú àti Ohun tí Ó Tẹ̀lé e

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1958, Adélabú ń ti Èkó bọ̀ wá sí Ìbàdàn nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ forí sọ ọkọ̀ mìíràn nítòsí Òde-Rẹ́mọ. Ó kú ní ọmọ ọdún 42. Ìjàǹbá ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ilẹ̀ baba Awólọ́wọ̀, òfófó sì gbòde pé àwọn alátakò ni ó pa á. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn àti ní àwọn abúlé rẹ̀. Wọ́n pa àwọn tí a mọ̀ mọ́ Action Group, wọ́n sun ilé, wọ́n sì dojú kọ àwọn tí ń gba owó orí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a kó lọ sí ilé ẹjọ́ lẹ́yìn náà, a sì dá àwọn kan lẹ́bi ìpànìyàn.

Pé wọ́n kọlu agbowó-orí lórí ikú olóṣèlú fi gbòǹgbò ọ̀ràn náà hàn. Ẹni tí ó ń gbé ẹ̀dùn wọn lọ sí ilé ìgbìmọ̀ ti lọ, kò sì sí ẹlòmíràn láàárín ìlú méjèèjì tí wọ́n gbà gbọ́. Màbọlájẹ́ pàápàá pín kí ìdìbò 1959 tó dé.

Ẹ̀dùn náà kò kú. Ní ọdún 1968 àti 1969, lábẹ́ ìjọba ológun, nígbà tí kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí a lè dìbò fún, àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ tún dìde lórí owó orí, nínú ìjà tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà.

Ohun tí Ìtàn Náà Fi Hàn

Àwọn alátìlẹ́yìn Adélabú ń pè é ní olùgbàlà mẹ̀kúnnù. Àwọn alátakò rẹ̀ ń pè é ní ẹlẹ́nu dídùn tí ó fi ìbínú ìlú gun orí àlééfà. Apá méjèèjì ní ẹ̀rí. Ohun tí kò ṣeé jiyàn ni pé kì í ṣe òun ni ó dá ọ̀gbun tí ó wà láàárín Òke-Àdó àti Mápó. Ó bá a níbẹ̀, ó fún un ní orúkọ ẹgbẹ́, ó sì fi ìbò kọjá lórí rẹ̀ lọ sí ipò. Àwọn olórí apá méjèèjì ni wọ́n kàwé, tí wọ́n sì rí jẹ. Àwọn tí ń tẹ̀lé wọn ni ipò wọn yàtọ̀. Ìjọba tí ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ àgbẹ̀ kò rí ọ̀nà bá àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà náà sì lò ó láti bá ìjọba jà. Nínú àlàfo tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀jẹ̀ 1958 ti ṣàn.