Ta ni Teslim Balógun, Thunder tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré Sùúrùlérè?

Lábẹ́ afárá Ọbalendé, láàárọ̀ àti lálẹ́, àwọn kọ́ńdọ́ máa ń pe èrò tó ń lọ sí Sùúrùlérè, Ojúẹlẹ́gbà àti Stadium. Ẹni tó bá wọ irú dáńfó bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ kí èrò kan sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó já òun sílẹ̀ ní Teslim. Gbogbo inú mọ́tò ló mọ ibi tó ń sọ. Pápá ìṣeré ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó kọjú sí Pápá Ìṣeré Àpapọ̀ ni. Àmọ́ ká ní ẹnì kan bi wọ́n pé ta ni Teslim yìí gan-an, àwọn tó máa lè dáhùn kò ní pọ̀.

Teslim Balógun ni. Thunder, ìyẹn àrá, ni àwọn èrò ìwòran sọ ọ́. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1956 ló wọ aṣọ Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí Nàìjíríà ò tíì gba òmìnira. Ọdún 34 gbáko ló kọjá lẹ́yìn ìyẹn kí líìgì Nàìjíríà fúnra rẹ̀ tó di ti àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹ, ní 1990.

Iṣẹ́ lọ́sàn-án, bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́

Ọjọ́ 27, oṣù kẹta, ọdún 1927 ni wọ́n bí Teslim l'Ékòó. Nígbà tó ń dàgbà, kò sí ẹgbẹ́ kankan nílùú tó ń sanwó fún èèyàn torí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Iléeṣẹ́ ló ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Marine, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Railway, UAC ní tirẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ní tiwọn, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì náà sì ní Pan Bank.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí iléeṣẹ́ òun gba ife ẹ̀yẹ á wá ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, á sì fún un níṣẹ́. Ọmọ náà á ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, tó bá dìrọ̀lẹ́ á bọ́ sórí pápá. Owó tó ń gbà níparí oṣù, owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe owó góòlù. Ó lè gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta sáwọ̀n ní Sátidé, kí gbogbo Èkó máa pariwo orúkọ rẹ̀, tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n á ti bá a.

Ẹ̀yìn èyí ló yẹ kí èèyàn tó ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí Teslim gbá bọ́ọ̀lù fún ní Nàìjíríà. Apapa Bombers wà níbẹ̀, Marine wà níbẹ̀, Railway, UAC, ikọ̀ Jos àti Pan Bank. Tí wọ́n bá kà á báyìí, ó lè dà bíi pé ọkùnrin náà kò lè dúró sójú kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ibi tí iṣẹ́ bá gbé agbábọ́ọ̀lù lọ ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ náà ń lọ.

Pápá King George V ní Oníkàn ni ojúbọ bọ́ọ̀lù Èkó nígbà náà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Ọbalendé kò ní pẹ́ débẹ̀, òun náà sì ni wọ́n ń pè ní Mobolaji Johnson Arena lónìí. Lọ́dún 1945 ni ìdíje tí àwọn èèyàn wá mọ̀ sí Challenge Cup bẹ̀rẹ̀, Marine ti Èkó ló sì kọ́kọ́ gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, Railway gbà á títí tó fi dà bíi pé wọ́n jogún rẹ̀. Nígbà tó kan Pan Bank náà láti gbà á, Teslim wà nínú ikọ̀ wọn.

Ìdí tí wọ́n fi pè é ní Thunder

Agbára ẹsẹ̀ ló gba orúkọ yìí fún un. Ní ayé ìgbà náà, awọ ni bọ́ọ̀lù. Tí òjò bá rọ̀, á fa omi mu, á wúwo, ẹni tó bá sì fi orí kàn án á mọ̀ ọ́n lára. Bọ́ọ̀lù yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù wa ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá. Bàtà bọ́ọ̀lù wọ́n, ọ̀pọ̀ ò sì fẹ́ wọ̀ ọ́ pàápàá, wọ́n gbà pé ẹsẹ̀ lásán ló ń jẹ́ kí èèyàn mọ bọ́ọ̀lù dáadáa. Teslim wá jẹ́ alágbára ọkùnrin tó máa ń yin bọ́ọ̀lù bí ìbọn láti ọ̀nà jíjìn. Àrá ló bá ojú mu, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ọ̀pọ̀ ò mọ orúkọ mìíràn fún un. Ẹni tó tún ń jẹ́ Balógun látilé, tí èrò wá fi àrá kún un, kí ni góòlì tó dúró níwájú rẹ̀ fẹ́ ṣe?

Ọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool

Lọ́dún 1949, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ṣa agbábọ́ọ̀lù 18 jọ pé kí wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etim Henshaw ni balógun ikọ̀, Teslim wà níbẹ̀, Titus Okere náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀ láti Èkó dé Liverpool. Nínú oṣù kẹjọ ni wọ́n gúnlẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan tí òun náà ń jẹ́ Marine, ní Crosby nítòsí Liverpool, ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé. Nàìjíríà na wọ́n ní góòlù 5 sí 2. Ohun tó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu jù ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó na ẹgbẹ́ wọn kò wọ bàtà. Báńdéèjì ni àwọn kan wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ.

Àmọ́ gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn. Eré mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá. Wọ́n borí nínú méjì, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì, wọ́n fìdí rẹmi nínú márùn-ún. Ẹgbẹ́ àwọn tí kì í gbowó bọ́ọ̀lù ni wọ́n sì bá gbá o, kì í ṣe àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Tí koríko bá tutù, tí ilẹ̀ di ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ lásán á máa yọ̀, ẹni tó wọ bàtà onírin nídìí á sì dúró gbọn-in. Àwọn tó lọ fojú ara wọn rí i pé ẹ̀bùn nìkan ò tó, pé irinṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ wà lára bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá, ọdún 1949, Nàìjíríà na Sierra Leone ní góòlù 2 sí òdo. Eré yìí ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Gbogbo ìtàn Super Eagles, ẹ̀yìn ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Thunder di òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀lù

Ìrìn àjò náà ṣílẹ̀kùn. Titus Okere ló kọ́kọ́ padà lọ, Swindon Town ló gbà á. Lọ́dún 1955, Teslim náà kọrí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lọ sí Peterborough United. Ìgbà náà, Peterborough ò tíì wọ líìgì ńlá, 1960 ni wọ́n tó gbà wọ́n wọlé. Ó tún gbá bọ́ọ̀lù fún Skegness Town, kí Queens Park Rangers tó pè é wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1956.

Ìpele kẹta, apá gúúsù, ni QPR wà nígbà yẹn. Eré 13 ni Teslim gbá fún wọn nínú líìgì, ó sì gbá góòlù 3 sáwọ̀n. Ẹni tó bá fi ojú òní wò ó lè sọ pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Eré 46 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá lọ́dún ní ìpele yẹn. Kò sí pé wọ́n ń pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù láàárín eré, 1965 ni ìyẹn bẹ̀rẹ̀ nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò bá sí nínú mọ́kànlá, ó di Sátidé mìíràn. Ọmọ Èkó tó sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, tó ń bá òtútù fàyàrán, wá ní láti gba ipò lọ́wọ́ àwọn onílé. Ó gbà á ní ìgbà mẹ́tàlá.

Owó ńkọ́? Òfin wà nígbà náà pé kò sí agbábọ́ọ̀lù kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó ti wù kó gbajúmọ̀ tó, tó gbọ́dọ̀ gbà ju pọ́ùn 15 lọ lọ́sẹ̀. Kò sí ẹni tó lọ síbẹ̀ láti di olówó. Àmọ́ fún ẹni tó ti Èkó lọ, níbi tó ti jẹ́ pé iṣẹ́ iléeṣẹ́ ló ń bọ́ agbábọ́ọ̀lù, ohun tuntun ni pé bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ di iṣẹ́. Nígbà tí Uche Okechukwu fi máa lọ sí Brøndby lórílẹ̀-èdè Denmark ní 1990, kò sí ẹni tó yà lẹ́nu mọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ń lọ gbá bọ́ọ̀lù gbowó nílẹ̀ òyìnbó. Nígbà ti Teslim, wọ́n kàn ń gbọ́ ọ bí àlọ́ ni.

Ó padà wálé wá kọ́ni

Lẹ́yìn QPR, Teslim gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ fún Holbeach United, ó sì padà wálé. Kò jókòó máa sọ ìtàn Lọ́ńdọ̀nù fún èèyàn. Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló gbájú mọ́, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà yanjú. Ohun tí wọ́n kò kọ́ ọ nígbà èwe rẹ̀ ló wá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà.

Lọ́dún 1968, ó wà lára àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ sí ìdíje Olympics ní Mexico. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Nàìjíríà máa gbá bọ́ọ̀lù ní Olympics, ogun abẹ́lé sì ń lọ lọ́wọ́ nílé. Stationery Stores, ẹgbẹ́ tí Israel Adébàjọ́ dá sílẹ̀ l'Ékòó, tó gba Challenge Cup ní 1967 àti 1968, ló fún ikọ̀ náà ní púpọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, títí kan Peter Fregene tó ń ṣọ́ ilé. Japan na Nàìjíríà ní 3 sí 1, Spain nà wọ́n ní 3 sí òdo. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Brazil, 3 sí 3 ni wọ́n parí rẹ̀ sí. Láàárín ọdún 19, Teslim ti kúrò lórí agbábọ́ọ̀lù tó ń bá ẹgbẹ́ Crosby gbá, ó ti di ọ̀kan lára àwọn tó kó ikọ̀ lọ bá Brazil ta ọ̀mì.

Ọmọ ọdún 45

Ní ọjọ́ 30, oṣù keje, ọdún 1972, Teslim Balógun jáde láyé. Ọmọ ọdún 45 péré ni. Ọdún yẹn kan náà ni líìgì tó kárí orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, Mighty Jets ti Jos ló sì kọ́kọ́ gbà á. Thunder kò rí i kó gbilẹ̀. Kò rí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú agbábọ́ọ̀lù, tó jẹ́ pé èèyàn ò ní láti di òṣìṣẹ́ rélùwéè kó tó lè gbá bọ́ọ̀lù.

Ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá ìṣeré kan ní Sùúrùlérè ní 1984. Iṣẹ́ náà dúró, ó tún tẹ̀síwájú, 2007 ló tó parí, ọdún 35 lẹ́yìn ikú ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ó gba èèyàn tó lé ní 24,000. Lọ́dún 2009, nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ, wọ́n gbá lára ìdíje náà níbẹ̀.

Wọ́n tún dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, Teslim Balogun Foundation, láti máa ran àwọn ẹbí agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tí ìyà ń jẹ lọ́wọ́. Kò sí ohun tó bá ìtàn rẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù láyé ìgbà iṣẹ́ iléeṣẹ́ fún wa ní ayọ̀ púpọ̀, owó ìfẹ̀yìntì bọ́ọ̀lù kò sì sí fún wọn. Títí di òní, a ṣì máa ń gbọ́ pé agbábọ́ọ̀lù àná kan dùbúlẹ̀ àìsàn, pé wọ́n ń tọrọ owó ìwòsàn fún un. A máa ń rántí orúkọ wọn nígbà tí wọ́n bá kú.

Nítorí náà, nígbà tí èrò kan bá tún sọ nínú dáńfó Ọbalendé pé Teslim lòun ti fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ lè sọ fún ọmọdé tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé èèyàn ni Teslim kó tó di bọ́sítọ́ọ̀pù. Ọmọ Èkó ni, àrá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ti ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹ nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì gbà pé iṣẹ́ ni.