Käthe Kruse: Ìyá Tó Fi Táwẹ̀lì àti Pòtétò Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́

Ìtàn ẹni tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọba tàbí ti jagunjagun. Obìnrin tó ń rán ọmọlangidi ni. Ọmọlangidi tí àwa mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Aṣọ ni tirẹ̀. Mo yàn án nítorí pé púpọ̀ nínú wa ló rò pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ò lè gbé èèyàn dé ibì kankan, a tiẹ̀ máa ń fi àwọn tó ń kọ́ ọ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1883 ni wọ́n bí i sí ìlú Breslau. Jámánì ló ni ìlú náà nígbà yẹn. Lónìí ó ti di ti Pólándì, Wrocław sì ni wọ́n ń pè é. Katharina Simon ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ò fẹ́ ìyá rẹ̀ sílé. Aṣọ rírán ni ìyá yìí fi tọ́ ọ, owó ò sì sí. Kò tíì pé ẹni 20 ọdún tó fi di òṣèré orí ìtàgé ní Berlin. Ibẹ̀ ló ti pàdé Max Kruse, gbajúgbajà tó ń gbẹ́ ère, tó sì fi nǹkan bí 30 ọdún jù ú lọ. Nígbà tí wọ́n bí ọmọbìnrin méjì, ìyá kó àwọn ọmọ lọ sí Ascona ní Switzerland, bàbá wà ní Berlin.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1905. Maria, èyí àgbà, rí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń tọ́jú àbúrò rẹ̀, ló bá ní òun náà fẹ́ ọmọ tòun. Ìyá kọ̀wé sí bàbá pé kó ra ọmọlangidi ránṣẹ́. Bàbá wo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá. Orí tánganran ni púpọ̀ nínú wọn ní nígbà yẹn: ó tutù, ó le, tó bá já bọ́, ó ti fọ́ nìyẹn. Ó dá èsì padà pé òun ò ní rà á, kí ìyá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é.

Ká ní èmi ni wọ́n kọ irú lẹ́tà yẹn sí, inú á bí mi. Käthe mú táwẹ̀lì, ó da iyanrìn sí i láàárín, ó so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní kókó, wọ́n di ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ó fi pòtétò ṣe orí, ó sì fi igi ìṣáná tó ti jó ya ojú àti ẹnu sí i. Ó parí! Kò lè tọ́jọ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ṣé ẹ rí i, ọmọdé ò wá ohun tí wọ́n á gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù kí àlejò máa wò. Ohun tí yóò gbé mọ́ra, tí yóò gbé sùn, ló ń wá.

Ọdún mélòó kan ló fi ń tún un ṣe. Ó fi aṣọ òwú rán ara rẹ̀, ó fi irun àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín kún inú rẹ̀, ó sì fọwọ́ kun ojú rẹ̀ ní ọ̀dà tó fi ṣeé nù mọ́. Ní 1910, ilé ìtajà ńlá kan ní Berlin, Tietz, pàtẹ ohun ìṣeré àfọwọ́ṣe, wọ́n ní kó mú tirẹ̀ wá. Làwọn èèyàn bá ya bò ó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi béèrè fún 150 láti Amẹ́ríkà, ilé tí wọ́n ń gbé sì di ibi iṣẹ́. Ní 1912 ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Bad Kösen.

Òkìkí kàn, àwọn aláfarawé náà dé. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Bing ń ṣe èyí tó jọ tirẹ̀. Käthe pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre ní 1925. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: ilé ẹjọ́ gbà pé ọmọlangidi aṣọ lásán-làsàn jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí ẹlòmíì ò gbọdọ̀ jí ṣe.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Bad Kösen bọ́ sábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì, ilé iṣẹ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni 60 ọdún nígbà yẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní Donauwörth, ní ìwọ̀ oòrùn Jámánì, òun náà sì lọ bá wọn. Ó kú ní 1968, lẹ́ni ọdún 84.

Àkísà àǹkárá táwọn télọ̀ àdúgbò wa ń kó dànù tó ṣe ọmọlangidi fún àbúrò tó wà nílé. Ẹni tó bá rán ọ̀kan, kó mú un wá fún ẹgbẹ́ wa. A ó gbé e kọ́ síbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìròyìn yìí, kí gbogbo ilé ìwé rí i. Ẹni tó bá sì wù kó fi ṣe yẹ̀yẹ́, kó kọ́kọ́ rán tiẹ̀ wá.