Alexander von Humboldt àti Dáyámọ́ńdì Òkè Ural

Ọdẹ tí ó bá rí igún tí ń rábàbà lójú ọ̀run kò dúró de ẹni tí yóò sọ fún un kí ó tó mọ̀ pé òkú ẹran ń bẹ nítòsí. Ohun méjì tí ó bá máa ń wà pọ̀, bí a bá rí ọ̀kan, ó yẹ kí a wá èkejì. Nípa irú òye bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí a fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí fi sọ pé dáyámọ́ńdì ń bẹ ní ilẹ̀ tí ojú ẹnikẹ́ni kò tíì rí i rí.

Ìlú Berlin ni a gbé bí Alexander von Humboldt, ní ọjọ́ 14 oṣù September, ọdún 1769. Ilé ọlọ́lá ni ilé baba rẹ̀, ṣùgbọ́n baba náà kú nígbà tí ọmọ kò tíì ju ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ní 1791 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìwakùsà ní Freiberg, ní ọdún kejì ìjọba Prussia sì fi í ṣe alábòójútó àwọn ibi ìwakùsà wọn. Kì í ṣe ọ̀gá tí ń jókòó lórí àga pa àṣẹ. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò. Ó fi owó ara rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn awakùsà, ó sì ṣe irú àtùpà kan tí wọn lè lò níbi tí afẹ́fẹ́ bàjẹ́ nínú ilẹ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní 1796, ogún ńlá bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò fi kọ́ ilé, kò sì fi ṣòwò. Ìmọ̀ ni ó fi í wá. Ní 1799, òun àti Bonpland, ará ilẹ̀ Faransé, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà ti Gúúsù, wọn kò sì padà dé Yúróòpù títí di 1804. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ nípa ilẹ̀ Chocó, ní Colombia ti òde òní, níbi tí a ti ń rí wúrà àti irin funfun olówó iyebíye tí a ń pè ní platinum nínú iyanrìn odò kan náà. Àwọn Potogí tí ń jọba ní Brazil kò jẹ́ kí ó wọ ilẹ̀ wọn, wọn tilẹ̀ pàṣẹ pé kí a mú un bí ó bá yọjú. Síbẹ̀ ó ti ipa ìwé àti àyẹ̀wò òkúta mọ̀ pé ní Brazil, níbi tí wúrà àti platinum bá wà nínú iyanrìn, a máa ń rí dáyámọ́ńdì níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó fi èyí sọ́kàn.

Ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1825, a rí platinum púpọ̀ ní òkè Ural ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Kankrin, mínísítà ètò owó Ọba Rọ́ṣíà, fẹ́ fi í ṣe owó ẹyọ, ó sì bi Humboldt léèrè ní 1827. Humboldt kọ̀ fún un. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé ohun tí iye rẹ̀ ń lọ sókè sódò lọ́jà kò ṣeé fi díwọ̀n ọjà mìíràn. Kankrin kò gbọ́. Ó ṣe owó náà ní 1828, ṣùgbọ́n ní 1845 ìjọba kó o kúrò ní ọjà. Síbẹ̀ Kankrin kò bínú sí olùdámọ̀ràn rẹ̀. Òun ni ó ràn án lọ́wọ́ tí Ọba fi gba Humboldt lálejò ní 1829, tí ìjọba Rọ́ṣíà sì san owó ìrìn àjò rẹ̀.

Humboldt ti di ẹni ọdún 59 nígbà náà. Kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ aya Ọba, ó ṣèlérí pé òun kò ní padà wá láìmú dáyámọ́ńdì Rọ́ṣíà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí, nítorí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ọ̀kan ní ilẹ̀ náà, bí kò bá sì rí i, ojú yóò tì í níwájú gbogbo Yúróòpù. Ṣùgbọ́n iyanrìn Ural jọ ti Brazil: wúrà ń bẹ níbẹ̀, platinum ń bẹ níbẹ̀. Níbikíbi tí wọ́n dé ni òun àti Gustav Rose ń fi awò tí ń mú ohun kékeré tóbi yẹ iyanrìn wò. Wọn kò rí nǹkan kan.

Ọlọ́lá kan, Polier, tí ó bá wọn rìn, gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù July, ó lọ sí ilẹ̀ aya rẹ̀, ó sì ní kí a tún iyanrìn wúrà ibẹ̀ ṣà dáadáa. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọdékùnrin kan, Pavel Popov, ọmọ ọdún 14, fi rí dáyámọ́ńdì àkọ́kọ́. Humboldt mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ.

A kò gbọdọ̀ fi apá kan ìtàn yìí pamọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ náà kò ní òmìnira. Ti onílẹ̀ ni wọ́n, wọn kò sì lè kúrò níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Humboldt ti gbà pé òun kò ní sọ̀rọ̀ nípa ipò wọn, ó sì dákẹ́. Ẹni yìí kan náà ni ó dá oko ẹrú lẹ́bi gbangba nínú ìwé rẹ̀ nípa Cuba ní 1826, níbi tí a ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa, tí wọ́n ń pè ní Lukumí, lọ. Nígbà tí ẹnìkan ní Amẹ́ríkà túmọ̀ ìwé náà ní 1856, tí ó yọ ọ̀rọ̀ nípa ẹrú kúrò, arúgbó náà fi ìwé ìròyìn bá a wí. Ọlọ́gbọ́n lè sọ òtítọ́ níbì kan, kí ó sì dákẹ́ níbòmíràn nítorí ẹni tí ó gbà á lálejò.

Lónìí a mọ̀ pé dáyámọ́ńdì, wúrà àti platinum kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni dáyámọ́ńdì ti ń wá. Omi odò ni ó kó wọn jọ, tí ó gbé iyanrìn fífúyẹ́ lọ, tí ó sì fi àwọn tí ó wúwo sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò kú. Dáyámọ́ńdì Ural kò pọ̀. Ní 1954 ni Larisa Popugayeva tọ ipa òkúta wẹ́wẹ́ pupa tí a ń pè ní garnet ní Siberia, títí ó fi dé orísun dáyámọ́ńdì tí a pè ní Zarnitsa.

Humboldt kú ní ọjọ́ 6 oṣù May, ọdún 1859, ní ẹni ọdún 89. Ó ti ná gbogbo ogún ìyá rẹ̀ tán lórí ìrìn àjò àti ìwé títẹ̀. Ẹni tí ó sọ ibi tí ìṣúra wà fún àwọn ọba kò fi ìṣúra sílẹ̀ nílé. Ìmọ̀ ni ó fi sílẹ̀, èyí sì ni a ń jẹ títí di òní.