Okoye rí ìràwọ̀ náà kí ayé tó mọ ohun tí wọn yóò pè é

Nílùú Ìwó, bí oṣù Ààwẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ojú sánmà làwọn àgbà máa ń wò. Ẹni tó bá wo sánmà dáadáa yóò ti ṣàkíyèsí pé ìràwọ̀ a máa ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n òṣùpá kì í ṣẹ́jú. Ìràwọ̀ jìnnà débi pé bíńtín ni lójú wa, atẹ́gùn tó ń rú síwá sẹ́yìn a sì máa da ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ láàmú. Òṣùpá fẹ̀ lójú ju ohun tí atẹ́gùn lè dà láàmú bẹ́ẹ̀ lọ. Irú àkíyèsí yìí ló sọ ọmọ Nàìjíríà kan, Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Samuel Ejikeme Okoye, di ẹni mímọ̀ nínú ìmọ̀ ìràwọ̀.

Ọmọ Amawbia, ní ìpínlẹ̀ Anambra òde òní, ni. Ọjọ́ 26 oṣù Keje, ọdún 1939 ni wọ́n bí i. Ilẹ̀ Yorùbá ló ti gba oyè àkọ́kọ́, ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Ìwó. Abẹ́ Yunifásítì London ni Ìbàdàn wà nígbà náà. Fisíìsì ni Okoye kà, ipò kìíní ló sì fi jáde. Láti ibẹ̀ ló ti gba Cambridge lọ, lábẹ́ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Antony Hewish.

Rédíò ni wọ́n fi ń wo ọ̀run níbẹ̀, kì í ṣe awò. Àwọn nǹkan ojú ọ̀run máa ń rán ìgbì rédíò wá sáyé, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ nínú tiwọn. Híhó lásán ni, bí ìgbà tí rédíò inú ilé bá yẹ̀ kúrò lórí ibùdó.

Lára ohun tó ń hó bẹ́ẹ̀ ni ìkùukùu kan tí Òyìnbó ń pè ní Crab Nebula. Lọ́dún 1054, àwọn ará Ṣáínà rí i tí ìràwọ̀ kan bú gbàù níbẹ̀, tó mọ́lẹ̀ débi pé wọ́n ń rí i lọ́sàn-án gangan. Ìkùukùu yìí ni àjẹkù rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gan-an ń rìn fún nǹkan bí 6,500 ọdún kó tó ti ibẹ̀ kàn wá.

Ohun tó fẹ̀ tó yẹn kò yẹ kó máa ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hewish àti Okoye tẹ́tí sí i, apá kan ìró rẹ̀ ń ṣẹ́jú bó ti ń gba inú atẹ́gùn gbígbóná tó ń ti ara oòrùn jáde kọjá. A jẹ́ pé nǹkan bíńtín kan, tó lágbára gan-an, ló fara pamọ́ sínú ìkùukùu náà. Wọ́n gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé Nature lọ́dún 1965. Ọdún yẹn náà ni Okoye gboyè dókítà, wọ́n sì kà á sí aláwọ̀ dúdú Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀ nínú fífi rédíò wo ìràwọ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Lọ́dún 1967 ni akẹ́kọ̀ọ́ Hewish mìíràn, Jocelyn Bell, rí irú ìràwọ̀ kan tí ìró rẹ̀ ń lù kì-kì-kì láìyẹ̀, èyí tí wọ́n sọ ní pulsar. Nígbà tó di 1968, wọ́n rí ọ̀kan nínú Crab Nebula, tó ń yí nígbà 30 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí Okoye àti ọ̀gá rẹ̀ ti rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn! Hewish gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1974, òun àti Martin Ryle. Wọn kò fún Bell, ariwo èyí sì kárí ayé. Ti Okoye kò fa ariwo. Ká sòótọ́, ṣíṣẹ́jú ni wọ́n rí, wọn kò rí lílù, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kan náà. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń pìtàn pulsar tí kò dárúkọ Okoye ti fo ojú ewé kan.

Okoye padà sílé. Ogun abẹ́lé ba Yunifásítì Nsukka jẹ́ gidigidi, àmọ́ lọ́dún 1972, ọdún méjì péré lẹ́yìn ogun, ó dá ibùdó ìwádìí òfuurufú sílẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ọdún 2009 ló kú, lẹ́ni àádọ́rin ọdún.

Láàrin òru oṣù Kejìlá, ọ̀gangan orí ará Ìwó ni Crab Nebula máa ń wà, díẹ̀ sápá àríwá. Ojú lásán kò lè rí i.