Ọ̀gbẹ́ni Henry Carr àti Ilé Ìwé Àwọn Ọmọ Mùsùlùmí

Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ẹnì kan tí ilé ìwé Wẹ́sílì wa tọ́ dàgbà ni a mú wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjọ Áńgílíkà ni ó fi ìgbà àgbà rẹ̀ sìn.

Èkó ni wọ́n ti bí Henry Carr ní ọdún 1863. Sàró ni àwọn òbí rẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti Sierra Leone padà wálé lẹ́yìn ìgbà ẹrú. Ó lọ sí ilé ìwé Wẹ́sílì ní Olówógbowó, ó kọjá sí ilé ìwé gíga Wẹ́sílì ní Freetown, ó sì wọ Fourah Bay College. Ní ọdún 1882 ó gba oyè B.A. níbẹ̀ pẹ̀lú ìtayọ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ó kàwé sí i ní ìlú òyìnbó, ó padà ní 1885, ó ń kọ́ni ní CMS Grammar School títí di 1889 tí ó fi wọ iṣẹ́ ìjọba. Láìpẹ́, iṣẹ́ bíbẹ ilé ìwé wò bọ́ sí i lọ́wọ́.

Nígbà náà, bí òbí bá fẹ́ kí ọmọ òun mọ ìwé ní Èkó, ọwọ́ ìjọ ni yóò fi í lé: Wẹ́sílì, CMS, tàbí Àgùdà. Lóòótọ́, òfin ọdún 1882 ti fún òbí ní ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin lọ́tọ̀, ohun tí ojú ń rí lọ́tọ̀. Ọmọ tí ó bá wọlé ní Sàláwù lè jáde ní Sámúẹ́lì. Ká má parọ́, ohun tí àwọn bàbá wa fẹ́ nìyẹn. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pọ̀ ní Èkó, oníṣòwò pàtàkì sì wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ilé kéwú ni ọ̀pọ̀ wọn fi ọmọ wọn sí. Bí ìjọba bá wá akọ̀wé, ọmọ onígbàgbọ́ ni ó ń rí.

Ojú Carr kò gba èyí. Òun àti Edward Blyden, adúláwọ̀ ọ̀mọ̀wé tí ó gbọ́ èdè Lárúbáwá, tọ àwọn àgbà Mùsùlùmí lọ, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1896, nígbà tí Carter jẹ́ gómìnà, ìjọba ṣí ilé ìwé fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Idris Animashaun, Mùsùlùmí bíi tiwọn, ni ọ̀gá ilé ìwé náà. Wọ́n ṣí òmíràn ní Ẹ̀pẹ́ ní 1898, àti ní Àgbádárìgì ní 1899. Ẹ kíyè sí Àgbádárìgì o! Ibẹ̀ náà ni àwọn ará wa, William de Graft àti ìyàwó rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní 1843.

Ẹnìkan lè bi wá pé irú onígbàgbọ́ wo ni ó ń ṣe èyí. Carr kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò jọ lójú; ó di Chancellor fún Dáyósíìsì Èkó ti Ìjọ Áńgílíkà. Ẹ jẹ́ ká yí ọ̀rọ̀ náà padà. Nínú wa, àwọn kan wà tí ìyá ìyá wọn jẹ́ Mùsùlùmí kí ilé ìwé tó sọ ọ́ di onígbàgbọ́, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ilé kéwú nìkan ni ọmọ tiwa ti lè kọ́ ìṣirò, ṣé a ó dákẹ́? Ní ọdún 2022, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé ìwé ìjọba ní ìpínlẹ̀ Èkó, ariwo pọ̀ láàárín àwa onígbàgbọ́. Lójú tiwa, ìbéèrè tí Carr bá pàdé náà ni: nígbà tí owó gbogbo ìlú bá ń gbọ́ bùkátà ilé ìwé, ọmọ ta ni kí ó máa bẹ̀rù nínú rẹ̀?

Ipò Carr ga sí i. Láti 1918 títí di 1924 ó jẹ́ Résídẹ́ǹtì ìjọba fún Èkó. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn rẹ̀. Herbert Macaulay kọ ìwé pélébé kan ní 1924 pé kí ó kúrò lórí oyè, nítorí ó rí i bí ẹni tí ó ń gbè sẹ́yìn òyìnbó. Carr kú ní ọdún 1945. Ìwé tí ó kó jọ sílé tó nǹkan bí 18,000. Ìjọba rà wọ́n, wọ́n sì di ti yunifásítì Ìbàdàn.